Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi AAVSO ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tó ń kú lọ, ohun tí mo rí rèé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ rìfíù yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè. Kì í ṣe fóònù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, kì í sì í ṣe ilé oúnjẹ, ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni tí wọ́n ti ń báàyàn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. AAVSO ni wọ́n ń jẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan. Cambridge ní Massachusetts, Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ William Tyler Olcott ló dá a sílẹ̀ ní 1911, Edward Pickering tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé awò ìràwọ̀ Harvard nígbà yẹn ló sì ń gún un ní kẹ́ṣẹ́. Látìgbà yẹn dòní, ẹnikẹ́ni tó bá lójú tó sì ní sùúrù, ibi yòówù kó máa gbé, ló lè wo ìràwọ̀ lálẹ́, kó kọ bó ṣe mọ́lẹ̀ sí, kó fi ránṣẹ́ sí wọn. Àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí ti lé ní mílíọ̀nù 50. Díẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ tèmi, láti ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Òkè-Ògùn.

Máàkì tí mo fún wọn ni 5 nínú 5, mi ò ní fi pamọ́ dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń lọ bá níbẹ̀ o, torí ẹni tó bá lọ pé òun fẹ́ wo fọ́tò aláwọ̀ mèremère, kò ní rí ohun tó ń wá.

Fọ́tò ló kọ́kọ́ mú èmi náà. Ní July 2022 tí wọ́n gbé àwọn àwòrán àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ James Webb, awò ńlá tó wà lójú òfuurufú, jáde, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dà bí òrùka, Southern Ring ni wọ́n ń pè é, NGC 3132. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Wọ́n ní planetary nebula ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. William Herschel, ẹni tó rí Uranus ní 1781, òun ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn torí pé nínú awò ẹ̀ wọ́n rí roboto bíi Uranus, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní. Ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an ni gáàsì tí ìràwọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lára nígbà tó ń kú lọ, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ ara ẹ̀.

Ni mo bá lọ ra bainọ́kúlà. Àkọ́kọ́ tí mo rà, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 100, irọ́ funfun báláú ni, tí mo bá fi wo òṣùpá, òṣùpá méjì ni mo ń rí, orí á sì máa fọ́ mi. Owó yẹn wọgbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra bainọ́kúlà tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ga tó báyẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ gbé ìlọ́po 100 dúró tí kò ní máa gbọ̀n. Èkejì tí mo rà jẹ́ tòkunbọ̀, 10x50, ìyẹn ni pé ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 10, gíláàsì iwájú ẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 50. Òun ni mo ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fi wá M27, èyí tí Charles Messier rí ní 1764, òun ni planetary nebula àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí. Mo rí i lóòótọ́, lálẹ́ ọjọ́ kan nínú October tí iná ò sí ní gbogbo àdúgbò, àmọ́ ohun tí mo rí ò ju èéfín kékeré kan tó dúró sójú kan lọ, kò ní àwọ̀ kankan. M57, nebula míì irú ẹ̀ ńkọ́? Bí ìràwọ̀ lásán ló rí nínú 10x50. Inú mi ò dùn. Ìgbà yẹn ni mo wá bi ara mi pé, ó dáa, òkú rèé, ta ló kú? Báwo ló ṣe rí nígbà tó ṣì wà láàyè, àti pé ṣé a lè rí irú ẹ̀ lójú sánmà lónìí, èyí tó kù díẹ̀ kó kú? Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn kiri ni mo ti ṣalábàápàdé AAVSO.

Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú wà lókè lọ́pọ̀lọpọ̀, bainọ́kúlà kékeré sì tó wọn wò. Mira ni ọ̀gá wọn. David Fabricius, pásítọ̀ kan ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Jámánì lónìí, rí i ní August 1596, ó rò pé ìràwọ̀ tuntun kan ló yọ, nígbà tó yá ó di àwátì, àfi ìgbà tó tún rí i ní 1609. Ní 1638 ni Johannes Holwarda tó jẹ́ ará Netherlands wá rí i pé ńṣe ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀, ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Hevelius ló sọ ọ́ ní Mira, ìyẹn Ìyanu ní èdè Látìn, orúkọ náà sì bá a mu. Ọjọ́ 332 ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Nígbà tó bá mọ́lẹ̀ tán, ojú lásán ń rí i, ẹ ò nílò nǹkan kan. Nígbà tó bá ṣú tán, bainọ́kúlà tèmi á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i mọ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é torí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà lásán ni AAVSO máa jẹ́ lójú yín. Ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn wa ni wọ́n, tàbí àwọn tó wúwo jù ú lọ díẹ̀. Hydrogen tí wọ́n ń jó láàárín ikùn ti tán, helium tó tẹ̀ lé e náà ti tán níbẹ̀, èyí tó yí àárín náà ká ni wọ́n wá ń jó ní ìpele-ìpele. Ara ìràwọ̀ náà á wú, á fẹ̀ ju Oòrùn lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po, ojú ẹ̀ á sì tutù sí bíi 3,000 Kelvin (ìwọ̀n ooru ni Kelvin), bẹ́ẹ̀ Oòrùn tiwa ń lọ sí 5,800. Ohun tó bá wú tó báyẹn ò lè dúró jẹ́ẹ́. Á fẹ̀, á súnkì, á tún fẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ìmí kan ṣoṣo sì lè gba ọdún kan gbáko.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé agbára ìràwọ̀ náà ò lọ sílẹ̀ tó bó ṣe rí lójú wa. Nígbà tó bá tutù, titanium àti oxygen tó wà lójú ẹ̀ lókè á so pọ̀, wọ́n á wá dà bíi kọ́tìnì tó dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn lè rí, èyí tó pọ̀ jù á wá máa jáde bí ooru tá ò rí. Titanium tó wà nínú ọ̀dà funfun tá a fi ń kun ilé náà ni o! Èyí tí kọ́tìnì yìí ti le jù tí mo mọ̀ ni Chi Cygni, òun máa ń lọ láti 3.3 títí dé 14.2 láàárín nǹkan bí ọjọ́ 408, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lójú wa lè dín kù ní ohun tó ju ìlọ́po 10,000 lọ. (Nínú ìṣirò yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìràwọ̀ ń ṣókùnkùn sí i, ojú lásán máa ń dé bíi 6, 10x50 á dé bíi 9.)

Bí ẹwìrì yẹn ṣe ń fẹ́ ló ń ti gáàsì lọ sókè, gáàsì á tutù, á di eruku, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á wá máa ti eruku náà síta, eruku á sì wọ́ gáàsì tó kù dání. Ní 2007 wọ́n fi GALEX, awò kan tó wà lójú òfuurufú, rí ìrù gáàsì tí Mira ń fà lẹ́yìn bó ṣe ń sáré lọ, gígùn ẹ̀ tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 13 (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Nígbà tí òpin bá wá sún mọ́lé, ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa sọ ohun tó wúwo tó Ayé wa mẹ́ta nù lọ́dún kan. Á bọ́ ara ẹ̀ títí á fi ku àárín nìkan, èyí tó gbóná kọjá 30,000 Kelvin, ìtànṣán tó ń ti ibẹ̀ jáde á wá tan iná sí gbogbo gáàsì tó ti sọ nù látẹ̀yìn wá: oxygen á mú àwọ̀ ewé, hydrogen àti nitrogen á pupa. Nebula nìyẹn. Láàárín bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 10 sí 20 ọdún, gáàsì náà á ti fọ́n ká, kò ní hàn mọ́, àárín tó kù, tí kò tóbi ju Ayé lọ, á máa tutù lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo Mira, ẹni tó ń kó ẹrù jọ fún nebula lẹ ń wò. Mo ṣàlàyé èyí fáwọn ọmọ SS2 tí mo ń kọ́, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ ó ní, “Sà, ṣé ìràwọ̀ náà mọ̀ pé òun ń kú ni?” Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un.

Ó yá, iṣẹ́ tí AAVSO ń ṣe gan-an. Ẹ máa ṣí àkáǹtì lórí sáìtì wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹ ò ní láti di ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó, wọ́n á fún yín ní kóòdù tó jẹ́ lẹ́tà mélòó kan, òun ni orúkọ yín lọ́dọ̀ wọn títí láé. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya máàpù, VSP ni wọ́n ń pè é, ẹ tẹ orúkọ ìràwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí ojú sánmà tó wà lórí máàpù náà fẹ̀ tó, á gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Lórí máàpù náà, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn dúró sójú kan. Ẹ máa rí 65, ìyẹn 6.5, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì tótó àárín ẹ̀ kúrò ni kẹ́ ẹ má bàa ṣì í mú fún ìràwọ̀. Irú làákàyè kékeré báyìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ti dúró nínú òkùnkùn rí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá ti tẹ máàpù náà jáde ní kafé, fún ẹni tó bá ń ṣọ́ dátà ìyẹn dáa ju kéèyàn máa fi fóònù wò ó níta lọ, yàtọ̀ sí pé iná fóònù máa ń ba ojú jẹ́ nínú òkùnkùn. Màá fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì. Màá dúró níta bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ojú mi kọ́kọ́ mọ́ òkùnkùn lára. Màá wá ìràwọ̀ náà rí, màá wá èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ àti èyí tó ṣú jù ú lọ díẹ̀ lórí máàpù, màá wá fojú díwọ̀n ibi tó wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ìyá tó ń ta gàrí ṣe ń fojú wo kóńgò tó sì mọ̀ pé kò kún. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn pẹ́ o, torí pé pupa ni wọ́n, ìràwọ̀ pupa sì máa ń dà bíi pé ó ń mọ́lẹ̀ sí i téèyàn bá ń wò ó láìṣẹ́jú. Ẹ wò ó, ẹ gbójú kúrò, ẹ tún wò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti aago. Aago tí wọ́n ń lò ni UT, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú ẹ̀, nítorí náà ẹ yọ wákàtí kan kúrò, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lu níbí, mẹ́jọ lẹ máa kọ.

Fífi ránṣẹ́ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ: orúkọ ìràwọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ wò ó, nọ́ńbà, àwọn ìràwọ̀ méjì tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà ìdánimọ̀ máàpù. Àyè wà fún lẹ́tà tó máa sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, B tí òṣùpá tàbí iná bá jẹ́ kójú sánmà mọ́lẹ̀ jù, U tó bá jẹ́ kùrukùru, eruku tàbí èéfín. Láti December dé February, U ló kún gbogbo tèmi, torí ọyẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n á kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ dànù, wọn ò kọ̀ ọ́, ó ṣáà ti yẹ kẹ́ ẹ sọ òótọ́ nípa ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ló kan ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ẹ lọ síbi gráàfù wọn, ẹ tẹ orúkọ ìràwọ̀ yẹn, ẹ ní kó fi àkíyèsí tiyín hàn yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Ẹ máa rí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí òkè àti àfonífojì, ó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kékeré látọwọ́ àwọn èèyàn tí wọn ò mọra wọn, lórí ìlà yẹn ẹ máa rí ẹyọ kan tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, tiyín ni. Nígbà tí mo rí tèmi tó bọ́ sáàárín tàwọn tó kù, tó bá wọn mu, mo ké pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná pé kó wá wò ó.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ní ayé tí awò tó ń ya sánmà fúnra ẹ̀ wà káàkiri, tí sátẹ́láìtì wà, kí lẹ tún ń fojú wo ìràwọ̀ fún? Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Awò tuntun láṣọ lóòótọ́, wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀ ju ojú lọ fíìfíì, àmọ́ ta ló máa fún wọn ní àkísà, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Ẹ wo R Hydrae. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí 1700, ọjọ́ 495 ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ó wá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di bíi 385 ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ó sì dúró síbẹ̀. Kí ló fà á? Àlàyé kan tí wọ́n ṣe ni pé helium tó wà yí àárín ẹ̀ ká máa ń gbiná lójijì lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ara ìràwọ̀ náà á yí, mímí ẹ̀ náà á yí. T Ursae Minoris tún ń ṣe irú ẹ̀ lójú wa báyìí, ọjọ́ 300 àti díẹ̀ ló ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti bí ìparí àwọn ọdún 1970 ó ń já wálẹ̀ kíákíá, àkọsílẹ̀ AAVSO sì wà lára ohun táwọn onímọ̀ fi rí i. Kò sẹ́ni tó lè fojú ara ẹ̀ nìkan rí nǹkan báyìí. Ẹnì kan á wò ó ní ogójì ọdún, á kú, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé náà ò sì gbọ́dọ̀ sọ nù láàárín. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, kò sì sí fọ́tò tó lè rọ́pò ẹ̀.

R Hydrae wà fáwa ará ibí dáadáa o, àwọn ará Yúróòpù ń rí i nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ lójú sánmà wọn, lọ́dọ̀ wa ó máa ń gòkè gan-an lálẹ́ April àti May, ìgbà tí òjò bá ti fọ eruku dànù tí ìkùukùu sì ti yà.

Ìtàn kan tún wà tí mi ò lè fò. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ti kú tán, nebula wọn ti wà níta, ni helium tó kù bá tún gbiná, ìràwọ̀ náà á padà wú bíi ti tẹ́lẹ̀. FG Sagittae jẹ́ ọ̀kan, àárín nebula kan báyìí ló wà, ní 1894 ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò ju 13.6 lọ, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé bíi 9 ní àwọn ọdún 1970, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀ ń tutù láti orí aláwọ̀ búlúù bọ́ sí pupa, láàárín ọjọ́ ayé ẹnì kan! Ní 1992 ló ṣàdédé ṣú, eruku tí òun fúnra ẹ̀ tú jáde ló bò ó. Èyí tó tún yára jù ú ni èyí tí Yukio Sakurai rí ní February 1996. Ará Japan ni, kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀, ó kàn fẹ́ràn sánmà ni. Wọ́n rò pé ìràwọ̀ tó bú gbàmù lásán ni, wọ́n wá wò ó dáadáa, wọ́n rí nebula tó ti gbó tó yí i ká. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó fi tún wọ inú eruku tí a ò rí i mọ́. Ìtàn méjèèjì ló wà lórí gráàfù AAVSO, ẹ lè tẹ V4334 Sgr kẹ́ ẹ wo bó ṣe gòkè tó sì já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ látorí ọ̀pẹ. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sú mi.

Àwọn tí bainọ́kúlà lè rí nínú ẹbí yìí pọ̀. R Scuti, tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn tó ti kọjá ìpele Mira tó sì ń sún mọ́ ti nebula, kì í sábà ṣú ju 8.6 lọ, nítorí náà 10x50 ń rí i ní gbogbo ìgbà, September àti October ló dáa jù lálẹ́ nígbà tí òjò bá dákẹ́. Ní October sí November, lápá ibì kan náà lójú sánmà, ẹ lè rí R Aquarii àti nebula Helix. R Aquarii jẹ́ Mira tó ń bá òkú ìràwọ̀ kan yípo, Helix ní tiẹ̀ jẹ́ planetary nebula tó sún mọ́ wa gan-an, nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 650, ibi tó ṣókùnkùn dáadáa nìkan ló ti ń hàn, bí àmì omi lára ògiri. Kéèyàn gbé bainọ́kúlà láti orí alààyè bọ́ sórí òkú ní alẹ́ kan ṣoṣo, lórí bẹ́ńṣì kan náà, ó ń ṣe mí ní nǹkan kan lọ́kàn tí mi ò mọ bí mo ṣe lè pè é.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹni tó lówó ló ń ṣe é, ẹ gbọ́ ti Leslie Peltier. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní Delphos, ìpínlẹ̀ Ohio. Ó bá wọn já èso strawberry, kọ́bọ̀ méjì owó wọn ni wọ́n ń san lórí òṣùwọ̀n kan, títí ó fi pé dọ́là 18, ló bá fi ra awò kékeré tí gíláàsì ẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì méjì. Ní March 1, 1918, ó wo R Leonis fún AAVSO, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣe é lọ títí tó fi kú ní 1980, àkíyèsí tó fi sílẹ̀ ju 132,000 lọ, ó sì tún rí kọ́méètì méjìlá. Ìdí tí mo fi mú R Leonis ṣe ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tèmi náà nìyẹn.

Ohun tó lè nira: gbogbo ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà á, ìwé ìtọ́sọ́nà wọn wà ní èdè mélòó kan, ó wù mí kí ti Yorùbá náà wà, mo sì ti ń kọ tèmi sínú ìwé pélébé fáwọn ọmọ iléèwé. Òjò July àti August kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kan, nígbà míì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á lọ láìrí ìràwọ̀ kankan. Ẹni tó ń gbé láàárín ìlú ńlá á kàn máa rí èyí tó mọ́lẹ̀ jù lára wọn ni. Àti pé ọ̀rọ̀ sùúrù ni, irú ìràwọ̀ Mira yìí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó, wọn ò ní yí padà lójú yín ní alẹ́ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọyẹ́ bá ti ń lọ ni R Leonis máa ń yọ lápá ìlà oòrùn lálẹ́. Ní bí aago mẹ́sàn-án, ẹ wá àwọn ìràwọ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, èyí tó mọ́lẹ̀ jù nísàlẹ̀ èèkù ẹ̀ ni Regulus. Ẹ fi Regulus sí etí ìsàlẹ̀ bainọ́kúlà yín, kẹ́ ẹ wo apá òkè ẹ̀, ẹ máa rí ìràwọ̀ kékeré méjì tó wà nítòsí ara wọn, 18 Leonis àti 19 Leonis, R Leonis ló máa ṣe ìkẹta wọn, òun ló pupa bí ẹyín iná. Tẹ́ ẹ bá wò ó títí tẹ́ ẹ rí àwọn méjì yẹn tẹ́ ẹ ò sì rí ẹ̀kẹta, ẹ má bínú wọlé. Ó ti ṣú kọjá ohun tí bainọ́kúlà yín gbà ni. Ẹ wo máàpù, ẹ wá ìràwọ̀ tó ṣú jù tẹ́ ẹ ṣì lè rí ládùúgbò ẹ̀, tó bá jẹ́ 84 ni wọ́n kọ sí i, ẹ kọ ọ́ pé R Leonis ṣú ju 8.4 lọ, kẹ́ ẹ fi àmì < síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n ń gba ìyẹn náà.